Kí ẹbí tó gbẹ́ ìpìlẹ̀: bí a ṣe lè yan architecte tó máa ya ilé wa

Ní Houinmè níbí, ẹni tó bá rìn láti àdúgbò kan dé èkejì máa rí ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò parí. Irin yọ lórí òpó, koríko ti hù níbi tó yẹ kó jẹ́ salon, ewúrẹ́ ló ń sùn nínú yàrá. Tí a bá béèrè, wọ́n á ní owó ló tán. Òótọ́ ni, owó tán. Ṣùgbọ́n tí a bá tún ìbéèrè náà bi wọ́n dáadáa, a ó rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ẹnikẹ́ni tó mọ iye tí ilé náà máa gbà kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n pe maçon, maçon fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ó ní: «Chambre mẹ́ta àti salon, á wọlé, ẹ má ṣèyọnu.» Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ará ibí gbà pé àwọn olówó ni architecte wà fún, tàbí ìjọba, tàbí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́rin sí Cotonou. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni pé ilé ẹbí gan-an ló nílò architecte jù. Ilé tí ẹnì kan dá kọ́ fún ara rẹ̀, tó bá ṣe àṣìṣe, òun nìkan ló máa gbé inú àṣìṣe rẹ̀. Ilé ẹbí, owó ẹni mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ìyá arúgbó máa gbé ibẹ̀, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí máa jogún ún. Bí yàrá kan bá ṣókùnkùn tí èkejì sì tutù, ìjà ọjọ́ iwájú ti wà nínú pílánù nìyẹn.

Ta ni architecte, ta ni kì í ṣe?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn oníṣẹ́ sọ́tọ̀. Géomètre ló ń wọn ilẹ̀, òun ló ń ri borne mọ́ igun rẹ̀. Dessinateur mọ bí wọ́n ṣe ń ya pílánù sórí ìwé tàbí nínú kọ̀ǹpútà. Ó lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, àmọ́ ohun tí ẹ bá ní kó yà ló máa yà. Ingénieur génie civil ló ń ṣírò agbára ilé: bí ìpìlẹ̀ ṣe máa jìn tó, irin mélòó ló máa wà nínú òpó. Maçon ló ń kọ́ ọ. Architecte ni ẹni tó ń ro ilé náà látòkè délẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì: ibi tí oòrùn máa gbà wọlé, ibi tí omi òjò máa gbà jáde, ibi tí ìyá máa jókòó sí tó fi máa rí ẹni tó ń wọlé, iye tí gbogbo rẹ̀ máa ná wa.

Ọ̀pọ̀ architecte tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo ló kàwé ní EAMAU, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà elédè Faransé dá sílẹ̀ ní Lomé ní 1975. Àwọn mìíràn kàwé ní Yúróòpù tàbí níbòmíràn. Níbi yòówù tí wọ́n ti kàwé, àwọn architecte ilẹ̀ wa ní ẹgbẹ́ kan tí òfin mọ̀, Ordre National des Architectes et des Urbanistes du Bénin. Ẹ má tijú láti béèrè pé: «Ọ̀gá, ṣé orúkọ yín wà nínú tableau de l'Ordre?» Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ kò ní bínú. Ẹni tó bá bínú, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

A ò fi èyí bú àwọn maçon wa o. Àwọn ilé Àgùdà tó wà ní Àjàṣẹ́, àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé wọn gùn tí ògiri wọn sì nípọn, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ tó ti Brésil padà wálé àti àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n ti jáde. Mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà nítòsí ọjà, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia tí gbogbo àlejò ń yà ní fọ́tò, àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bákan náà ni ní Èkó: mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, João Baptista da Costa, Àgùdà kan, ló darí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá maçon ìgbà yẹn ni architecte ìgbà yẹn. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó fún un ní ilé tirẹ̀ kọ́, ilé tó ń kọ́ sì jọ èyí tí ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ rí. Lónìí, béton armé, dalle, pípù omi inú ògiri àti wáyà iná ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ọmọ ọdún méjìlélógún tó kọ́ṣẹ́ fún ọdún méjì péré sì ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Ìpàdé ẹbí ló ṣáájú

Kí ẹ tó wá architecte kankan, ẹ jókòó. Ibi tí a fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù nìyí, torí pé architecte tó dára jù lọ láyé kò lè ya ilé fún ẹbí tí kò tíì mọ ohun tó ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹbí kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ìyá mẹ́fà ni wọ́n: ẹ̀gbọ́n àgbà wà ní Houinmè pẹ̀lú ìyá wọn, méjì wà ní Cotonou, ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan ní Libreville, àbíkẹ́yìn ní Paris. Gbogbo wọn ló máa dá owó. Èyí tó wà ní Paris ń fẹ́ ilé tó ní garage àti cuisine américaine, torí ohun tó ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n àgbà ń fẹ́ yàrá mẹ́rin tí wọ́n lè fi gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé. Ìyá kò ń fẹ́ ju pé kí òun má ṣe gun àtẹ̀gùn, kí ilé ìwẹ̀ má sì jìnnà lóru. Wọn kò bá ara wọn sọ ọ́. Oníkálùkù ń pe architecte lórí WhatsApp lẹ́yìn ara wọn, ó ń yí pílánù padà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, nígbà tó sì yá, ó sú u. Ta ló jẹ̀bi?

Kí ẹbí yan ẹnì kan tó máa bá architecte sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo. Kò pọn dandan kó jẹ́ àgbà tàbí ẹni tó fowó sílẹ̀ jù. Ẹni tó ní sùúrù ni, tó máa gbọ́ tọmọdé tàgbà, tó sì máa ròyìn padà fún gbogbo wọn láì yọ nǹkan kan kúrò. Olórí ẹbí máa fọwọ́ sí i, á di ìwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo ohun tí ìgbé ayé yín ń béèrè sílẹ̀, ẹ má kọ iye yàrá nìkan. «Chambre mẹ́rin, salon méjì» kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ ya ilé. Ẹ sọ fún un pé ìyá ń fi igi dáná, kò sì ní fi í sílẹ̀ nítorí pé a ra gáàsì fún un, nítorí náà ilé ìdáná ìta gbọ́dọ̀ wà níbi tí èéfín kò ti ní wọ inú yàrá. Ẹ sọ fún un pé alùpùpù mẹ́ta ló ń sùn nínú ilé. Ẹ sọ pé lọ́jọ́ ìkómọ tàbí ìsìnkú, igba ènìyàn ló ń wá: níbo la máa ta bâche sí, ṣé ojú títì náà ni títí láé? Ẹ sọ̀rọ̀ nípa ibojì bàbá tó wà nínú àgbàlá, torí pé ní Àjàṣẹ́ ọ̀pọ̀ ẹbí ló ṣì ń sin òkú wọn sílé, kò sì sí ọmọ tó fẹ́ kí ògiri ilé ìwẹ̀ jókòó lé bàbá rẹ̀ lórí. Bí ẹ bá ní ojúbọ, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá jẹ́ mùsùlùmí, ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń ṣe àlùwàlá. Bí ẹ bá fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù kan kọjú sí títì, kí obìnrin ilé lè máa tajà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ pílánù ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú.

Ayálégbé náà ńkọ́? Bí ẹ bá fẹ́ gba ayálégbé, kí wọ́n ní ẹnu ọ̀nà tiwọn, kí compteur SBEE àti ti SONEB wọn dá wà. Ẹbí tí kò ronú èyí ṣáájú ló ń jà lórí owó iná lóṣooṣù.

Ẹ kọ iye owó tó wà nílẹ̀ náà sílẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ lóòótọ́. Èyí tí ẹ̀gbọ́n Libreville ṣèlérí, ẹ kọ ọ́ sí ìlà mìíràn.

Ilẹ̀ náà, tí ìwé rẹ̀ bá mọ́

A kò ní pẹ́ lórí èyí, a mọ̀ pé gbogbo yín ló mọ ohun tí ìjà ilẹ̀ ń ṣe. Lábẹ́ Code foncier et domanial tó wà lónìí, titre foncier ni ìwé tó fìdí ilẹ̀ múlẹ̀, ANDF ló sì ń bójú tó o. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ẹbí ní Houinmè ṣì wà lórí attestation de recasement tàbí ìwé mìíràn tó jẹ́ ti bàbá tó ti kú. Kí ẹ tó sanwó pílánù, ẹ mọ orúkọ ta ló wà lórí ìwé, ẹ jẹ́ kí gbogbo àwọn tó jogún ún fọwọ́ sí i pé àwọn gbà kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, kí géomètre wá wọn ilẹ̀ náà padà. Ìwé tí géomètre bá mú wá ni architecte máa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Architecte tó bá gbà láti ya ilé láì rí ìwé géomètre, láì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà, àfọ̀ṣẹ ló ń ṣe.

Ibo la ti ń rí i, kí la sì ń bi í?

Ìbátan ló máa ń kọ́kọ́ mú orúkọ wá: «Mo mọ ẹnì kan.» Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì bá ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó kí ẹ tó mú ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í gba owó fún ìjókòó àkọ́kọ́. Ẹ béèrè lórí fóònù kí ẹ tó lọ.

Àwòrán aláwọ̀ mèremère tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí igi ọ̀pẹ àti mọ́tò funfun wà níwájú ilé, ẹ má jẹ́ kó dá yín lójú jù. Kọ̀ǹpútà ò ní ìṣòro òjò. Ohun tí a máa gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ ní kó mú yín lọ sí ilé méjì tí ó ti yà tí ènìyàn sì ń gbé inú rẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán. Ẹ lọ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, nínú oṣù kẹta nígbà tí ooru bá mú. Ẹ wọ yàrá tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ tún padà lọ ní oṣù kẹfà, lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri bóyá ó ń fa omi. Kí ẹ wá bá ìyálé ilé náà sọ̀rọ̀, kì í ṣe baálé nìkan, torí obìnrin ló mọ ibi tí ilé ti ń dùn ún: ibi tó ń sá aṣọ sí, bí omi ṣe ń jáde nínú ilé ìdáná, yàrá tí àwọn ọmọ kì í fẹ́ sùn sí. Ẹ bi wọ́n pé: «Èló ni wọ́n sọ fún yín níbẹ̀rẹ̀? Èló ló di nígbẹ̀yìn? Nígbà tí wàhálà dé, ṣé architecte náà gbé fóònù?»

Bí ẹ bá padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ṣọ́ ohun kan: ta ló ń béèrè ọ̀rọ̀ jù, ẹ̀yin ni àbí òun? Lójú tiwa, àmì tó dára jù nìyẹn. Architecte tó ń bi yín léèrè iye ènìyàn tó ń gbé ilé, ìṣe yín, owó yín, ibi tí omi máa ń dúró sí nígbà òjò, ó ń múra iṣẹ́. Èyí tó bá ti mú pílánù kan jáde nínú àpò kí ẹ tó jókòó dáadáa, pílánù ẹlòmíràn ló fẹ́ tún tà fún yín.

Bí ẹ kò bá mọ ìwé pílánù kà, ẹ sọ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò mọ̀ ọ́n kà. Ní kó bá yín lọ sórí ilẹ̀ náà, kó fi eérú tàbí okùn fa ìlà yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kí ìyá wọ inú ìlà yàrá tirẹ̀, kí wọ́n gbé ẹní àti àga síbẹ̀. Ẹ rìn láti ibẹ̀ dé ilé ìwẹ̀. Kíá ni ẹ máa rí i bóyá mítà 3 lórí 3 tó bẹ́ẹ̀dì àti àpótí aṣọ. A ti rí àwọn àgbà tí wọ́n dákẹ́ fún oṣù méjì níwájú ìwé, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n fa eérú sílẹ̀ ni wọ́n sọ gbogbo ohun tó wà nínú wọn.

Oòrùn, afẹ́fẹ́, amọ̀

Ilẹ̀ tiwa yìí, oòrùn máa ń gba orí wa kọjá gan-an ní ọ̀sán. Ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn ń jẹ oòrùn àárọ̀, èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ń jẹ ti ìrọ̀lẹ́, èyí tó burú jù, torí ooru rẹ̀ ló máa ń wà nínú bíríkì títí di alẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn nínú ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú gba ìyà ìwọ̀-oòrùn. Afẹ́fẹ́ tútù láti òkun ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún. Yàrá tó ní fèrèsé méjì tó dojú kọ ara wọn máa mí. Yàrá tó ní ẹyọ kan, fáànù ló máa ń gbé e ró, SBEE á sì mú owó rẹ̀ wá. Parcelle yín lè má kọjú síbi tó yẹ, torí lotissement ló pinnu ìyẹn. Iṣẹ́ architecte ni láti wá ọgbọ́n sí i: véranda, òrùlé tó yọ síta, igi tí a gbìn sí ìwọ̀-oòrùn.

Àwọn bàbá wa mọ èyí láì kàwé. Ògiri amọ̀ tó nípọn, àjà tó ga, fèrèsé onígi tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá tí oòrùn kò lè gbà. A wá sá fún amọ̀ nítorí pé wọ́n ní ti tálákà ni, a fi bíríkì simẹ́ńtì àti páànù tó lọ sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀, a sì ń sùn síta ní oṣù kẹta.

Ẹ gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ kan Àjàṣẹ́ báyìí. Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, tí wọ́n bí ní 1965. Ó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì nígbà tó padà wá kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún abúlé rẹ̀, tí wọ́n parí ní 2001. Nígbà tó sọ pé amọ̀ lòun máa lò, àwọn ará abúlé kò fẹ́: ṣé ọmọ tó lọ sí Yúróòpù ló tún fẹ́ kọ́ ilé amọ̀ fún wa, èyí tí òjò máa wó? Ó ṣàlàyé, ó dán an wò níwájú wọn. Ó po simẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ amọ̀, ó gbé òrùlé páànù ga kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá, ó sì jẹ́ kí òrùlé náà yọ síta kí òjò má bàa lu ògiri. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló kọ́ ọ. Ní 2022, ó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù nínú iṣẹ́ architecte, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Òun náà ni wọ́n fún ní iṣẹ́ láti ya ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun ti orílẹ̀-èdè wa sí Porto-Novo níbí, tó fi ìrísí igi tí àwọn àgbà ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ìlú ṣe é.

A kò ní kí ẹ lọ pe Kéré wá sí Houinmè. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí ẹ bá bá architecte yín jókòó, ẹ béèrè nípa amọ̀. Brique de terre comprimée wà, amọ̀ pupa wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, terre de barre tí gbogbo àgbègbè yìí jókòó lé. Bí ó bá ní kò dára fún ilẹ̀ yín, kó ṣàlàyé ìdí. Ó lè ní ìdí gidi: bí ilẹ̀ yín bá wà ní bas-fond tí omi ń bò, ẹsẹ̀ ògiri amọ̀ kò ní pẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀rín ló fi dáhùn, ẹ ti mọ irú ẹni tí ó jẹ́.

Owó

Architecte lè gba owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdá kan nínú owó ilé, tàbí kó sọ iye kan pàtó, èyí tí wọ́n ń pè ní forfait. Fún ilé ẹbí kékeré, àwa fẹ́ràn forfait, torí pé bí ilé bá wọ́n sí i, owó rẹ̀ kò ní gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ṣe kókó ni pé kí contrat wà ní kíkọ, kó sì sọ ohun tó máa ṣe ní ìpele kọ̀ọ̀kan: esquisse, ìyẹn àwòrán àkọ́kọ́ tí ẹ máa jọ ṣàtúnṣe, avant-projet, dossier tí a máa gbé lọ sí mairie fún permis de construire, pílánù tí maçon máa fi ṣiṣẹ́, devis, àti ìbẹ̀wò sí chantier. Ẹ san owó ìpele kan nígbà tí ìpele náà bá parí. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ lè ní kó yí pílánù padà láì sanwó kún un, kí ẹ̀yin náà má bàa ṣi í lò.

Devis ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù. Ìwé tó kàn sọ pé «gros œuvre: mílíọ̀nù 7» kò tó. Kó ka bíríkì, kó ka àpò simẹ́ńtì, kó ka irin pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, iyanrìn, páànù, ilẹ̀kùn. Ìwé yẹn lẹ máa mú lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò simẹ́ńtì, òun lẹ sì máa fi mọ̀ nígbà tí àpò mẹ́wàá bá sọnù.

Bí owó ò bá sì tó ńkọ́? Ibí gan-an ni architecte ti ń san owó tí a fún un padà. Ká ní mílíọ̀nù 12 ló wà nílẹ̀, ilé tí ẹ ń fẹ́ sì máa gbà mílíọ̀nù 30. Maçon máa bẹ̀rẹ̀ ilé mílíọ̀nù 30 náà, owó á tán lórí ògiri, òjò á máa rọ̀ sí i fún ọdún márùn-ún. Architecte tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ya ilé náà pé pérépéré, kó wá pín in sí tranche mẹ́ta: àkọ́kọ́ ni yàrá méjì, ilé ìwẹ̀ àti véranda, tí wọ́n bò lórí, tí ìyá lè wọ̀ lọ́dún yìí, èkejì á so mọ́ ọn láì wó ògiri kankan, ẹ̀kẹta ni ti ayálégbé. Bí ẹ bá ń ronú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ iwájú, lónìí ni kí ẹ sọ ọ́, kí ingénieur ṣírò ìpìlẹ̀ tó lè gbé e. Ìpìlẹ̀ ilé alájà kan kò ṣeé fi bẹ̀bẹ̀ kó gbé méjì.

Mairie, chantier

Permis de construire, mairie ló ń fúnni. Àwọn kan máa ní «ẹ máa kọ́lé yín jàre, ta ló ń béèrè?» Ẹ bi wọ́n pé bí báńkì bá béèrè ìwé ilé lọ́jọ́ tí ọmọ yín fẹ́ yáwó ńkọ́, tàbí bí títì bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Kí architecte ló múra dossier náà sílẹ̀, kó wà nínú contrat rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ pinnu ọjọ́ tí architecte máa wá sí chantier, kó sì jẹ́ àwọn ọjọ́ tó ṣe kókó: nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ tán kí wọ́n tó da béton, nígbà tí wọ́n bá to irin òpó àti ti dalle tán kí wọ́n tó bò ó. Lẹ́yìn tí béton bá ti bo irin, kò sí ẹni tó lè kà á mọ́. Ẹ ya irin náà ní fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lókè òkun. Ìyẹn dára ju fọ́tò ògiri lọ. Àwa tí a ní ẹbí ní Èkó kò tíì gbàgbé ilé alájà 21 tó wó ní Ikoyi ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Ènìyàn tó ju 40 ló kú. Ilé tiwa kò ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dalle kan ṣoṣo tó lórí ẹni tó ń sùn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Nínú Code civil tí àwọn Faransé ṣe ní 1804, tí wọ́n sì gbé wá sí ilẹ̀ wa, article 1792 sọ pé bí ilé bá wó nítorí àbùkù iṣẹ́, àní nítorí àbùkù ilẹ̀ pàápàá, architecte àti entrepreneur ni yóò dáhùn fún un fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ architecte yín bóyá ó ní assurance tó bo èyí, ẹ ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Maçon tí ẹ bá lẹ́nu títì, tí kò fọwọ́ sí ìwé kankan, ta lẹ máa mú lọ sí ilé ẹjọ́?

Fún ṣáláńgá àti kànga, ẹ sọ fún un kí fosse septique jìnnà sí kànga tó mítà 15 ó kéré tán bí ilẹ̀ bá gbà, kó sì wo kànga aládùúgbò náà, kì í ṣe tiyín nìkan. Lórí parcelle mítà 20 lórí 25, ìyẹn kò rọrùn, òun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ wà lórí pílánù kí yàrá kankan tó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́, kí architecte bá yín yí ilé ká, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí kò tíì pé sílẹ̀ kí ẹ tó san ìyókù owó entrepreneur. Ẹ tan gbogbo iná, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, ẹ da garawa omi kan sílẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ kí ẹ rí ibi tó ń ṣàn sí. Kí ẹ gba pílánù ìkẹyìn lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó fi ibi tí pípù omi àti wáyà iná gbà hàn nínú ògiri. Ẹ̀dà kan fún olórí ẹbí, ọ̀kan fún ẹni tí ẹbí yàn, ọ̀kan nínú fóònù gbogbo ọmọ ìyá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹni tó bá fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri salon lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá máa wá a.